Ẹgbẹ́ Àwọn Ọlọ́kọ̀ Róòmù Ìgbàanì: Bí Ojúrere Ìjọba Ṣe Di Okùn Ọrùn

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ti ka orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, ìbáà jẹ́ nílé ìjọsìn tàbí nílé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni a ti kà pé ọkọ̀ kan tí ó ti Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì wá, tí ó sì ń lọ sí Ítálì, gbé Pọ́ọ̀lù àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí ìjì dé, tí gbogbo wọn sọ ìrètí nù, wọ́n da àlìkámà tí ọkọ̀ náà rù sínú òkun. Ìwàásù tí a máa ń gbọ́ lórí ìtàn yìí dá lórí ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè oníròyìn ni ó máa ń wá sọ́kàn èmi: ta ni ó ni ọkọ̀? Ta ni ó ni àlìkámà? Kí sì ni ó lé wọn jáde sójú òkun ní àkókò tí gbogbo atukọ̀ mọ̀ pé òkun ti ń burú?

Ìwé náà dá wa lóhùn díẹ̀. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé balógun ọ̀rún tí ó ń ṣọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n gba ọ̀rọ̀ atukọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ gbọ́ ju ti Pọ́ọ̀lù lọ. Irú àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn atukọ̀ odò, àwọn alábàárù èbúté àti àwọn tí ń da ìbaaka lójú ọ̀nà, ni ó gbé oúnjẹ dé ẹnu ìlú Róòmù fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Wọ́n ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ wọn sì lágbára. Ìtàn àwọn ẹgbẹ́ náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ó kan ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò nílẹ̀ níbikíbi tí ènìyàn ti ń gbé ẹrù fún ènìyàn: nígbà tí ìjọba bá na ọwọ́ ojúrere sí ẹgbẹ́, kí ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún ara rẹ̀ kí ó tó gbà á?

Èrò tèmi ni pé ojúrere ìjọba kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ pa ẹ̀tọ́ kan mọ́ bí ẹyinjú, ìyẹn ni ẹ̀tọ́ láti sọ pé "a kò ṣe mọ́". Àwọn ọlọ́kọ̀ Róòmù ní ẹ̀tọ́ náà, wọ́n lò ó, ó sì gbè wọ́n. Nígbà tí wọ́n pàdánù rẹ̀, gbogbo oore tí wọ́n ti gbà ṣáájú kò lè gbà wọ́n sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ikùn Róòmù ṣe tóbi tó. Ní ayé Késárì Augustus, nǹkan bí ọkùnrin 200,000 ni ó ń gba àlìkámà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, òṣùwọ̀n márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé gbogbo olùgbé ìlú náà tó mílíọ̀nù kan. Oko tí ó yí ìlú ká kò lè bọ́ wọn. Láti Íjíbítì, láti àríwá Áfíríkà, láti erékùṣù Sísílì àti Sàdíníà ni àlìkámà ti ń wá. Gúúsù Sípéènì ni ọ̀pọ̀ òróró ólífì ti ń wá. Ìkòkò òróró tí wọ́n ń fọ́ dànù sí ẹ̀bá odò Tíbérì pọ̀ débi pé ó di òkè. Òkè náà, Monte Testaccio, ṣì wà ní Róòmù di òní yìí. Ó ga tó nǹkan bí mítà 35, àpáàdì sì ni láti ìsàlẹ̀ dé orí.

Ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í fò wá. Àwọn ọlọ́kọ̀ òkun, tí èdè Látìn ń pè ní navicularii, ni ó ń gbé e sọdá òkun. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá dé Ostia, ìlú ẹnu odò, tàbí Portus, èbúté tí Késárì Claudius bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 42 lẹ́yìn ìbí Jésù, àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké a lọ pàdé rẹ̀. Àwọn alábàárù, saccarii, a gbé àpò lé èjìká. Àwọn codicarii a kó ẹrù sínú ọkọ̀ odò, wọn a sì jẹ́ kí a fi okùn fà á láti etí odò, lòdì sí ìṣàn Tíbérì, títí dé Róòmù. Lórí ilẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ń da ìbaaka a gba ẹrù àti èrò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí tí kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá dé Ostia lónìí yóò rí àmì wọn. Lẹ́yìn ilé eré ìlú náà ni gbàgede kan wà tí yàrá kéékèèké bí 60 yí ká. Níwájú àwọn yàrá náà ni wọ́n ti fi wẹẹrẹ òkúta dúdú àti funfun to àwòrán sórí ilẹ̀: ọkọ̀ òkun, ilé iná etíkun, ẹja, òṣùwọ̀n àlìkámà. Orúkọ ìlú wà lára wọn: Carthage, Narbonne, Alẹkisáńdíríà, Cagliari. Àwọn ará Sabratha, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíà lónìí, to àwòrán erin. Ní ilé ìwẹ̀ kan nínú ìlú yìí kan náà, àwòrán àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti ìbaaka wọn ni ó wà nílẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ìbaaka náà sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ń jẹ́ Podagrosus, èyí tí a lè túmọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ ríro. Ẹni tí ó bá ti bá awakọ̀ rìnrìn àjò rí mọ irú àwàdà bẹ́ẹ̀.

Kí ni ẹgbẹ́ wà fún? Ẹni tí ó bá ń fi ojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ òde òní wò wọ́n yóò rò pé owó iṣẹ́ ni wọ́n ń jà fún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Ìsìnkú, oúnjẹ àjọjẹ, òrìṣà àjọbọ àti ọlá láwùjọ ni ó kó wọn jọ. Òfin ẹgbẹ́ kan tí a gbẹ́ sára òkúta ní ọdún 136, ní ìlú Lanuvium nítòsí Róòmù, ṣì wà. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti àwọn tí ń gbé ẹrù, ṣùgbọ́n ó fi bí ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù ayé ìgbà náà ṣe ń rìn hàn wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò san owó 100 sestertius àti ìkòkò wáìnì tí ó dára. Yóò máa san owó bàbà márùn-ún lóṣooṣù. Bí ó bá kú láìjẹ gbèsè, ẹgbẹ́ yóò yọ 300 sestertius fún ìsìnkú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kúrò ní ìjókòó tirẹ̀ níbi àsè láti dá rúgúdù sílẹ̀ yóò san ìtanràn 4. Ẹni tí ó bá bú ọmọ ẹgbẹ́ yóò san 12. Ẹrú tí ó bá gba òmìnira gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò wáìnì wá, èyí tí ó fi hàn pé ẹrú pàápàá ń ṣe ẹgbẹ́.

Ta ni nínú wa tí kò mọ irú òfin ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Nínú ayé tí òkú tálákà lè di ohun tí a jù sí kòtò láìsí orúkọ, ẹni tí ó ní ẹgbẹ́ ní ẹni tí yóò tẹ̀ lé òkú rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí alábàárù yọ owó bàbà márùn-ún kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọlá. Ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá ìlú Nîmes, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, àkọlé kan ṣì wà lára òkúta pé ìjókòó 40 ni ìgbìmọ̀ ìlú yà sọ́tọ̀ fún àwọn atukọ̀ odò Rhône àti odò Saône. Ní Párísì, àwọn atukọ̀ odò Seine gbé òpó òkúta kan kalẹ̀ fún àwọn òrìṣà ní ayé Késárì Tiberius, láàárín ọdún 14 sí 37. Abẹ́ kàtídírà Notre-Dame ni wọ́n ti hú òkúta náà ní ọdún 1711. Àwọn atukọ̀ ni ó fi ohun àìkú sílẹ̀ fún ìlú náà nígbà tí kò tíì di nǹkankan. Ní Ostia, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké gbẹ́ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sára òkúta ní ọdún 152, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 192. Láàárín 40 ọdún náà, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lókè orúkọ gbogbo wọn ni orúkọ àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wà, àwọn ènìyàn pàtàkì láti inú ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù. Bàbá ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba kò fẹ́ràn ẹgbẹ́. Ní ọdún 64 ṣáájú ìbí Jésù, ìgbìmọ̀ àgbà fòfin de ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 58, olóṣèlú kan tí ń jẹ́ Clodius dá wọn padà, ó sì ti ara wọn kó ọmọ ogun ìgboro jọ fún ara rẹ̀. Ìjà àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn alátakò rẹ̀ da ojú títì Róòmù rú fún ọdún púpọ̀, ìjà náà ni ó sì pa Clodius fúnra rẹ̀. Julius Caesar tún ti àwọn ẹgbẹ́ pa, àfi àwọn tí ó ti pẹ́ gan-an. Láti ayé Augustus, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó lè dúró. Ní nǹkan bí ọdún 110, gómìnà Pliny kọ̀wé sí Késárì Trajan pé iná jó ìlú Nicomedia, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun dá ẹgbẹ́ panápaná ènìyàn 150 sílẹ̀. Trajan kọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé orúkọ yòówù tí a bá fún àwọn ènìyàn tí a kó jọ, bó pẹ́ bó yá, wọn yóò di ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó sàn lójú rẹ̀ kí ilé jó ju kí ènìyàn 150 máa pàdé.

N kò ní sọ pé ìbẹ̀rù náà jẹ́ asán. Lára ògiri ìlú Pompeii, tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, a ṣì lè ka ìpolówó ìbò tí àwọn tí ń da ìbaaka kọ fún olùdíje wọn, Gaius Julius Polybius. Àwọn alábàárù náà kọ tiwọn. Ẹgbẹ́ tí ó ní ènìyàn, tí ó ní owó, tí ó sì mọ gbogbo ọ̀nà ìlú, yóò dùn mọ́ olóṣèlú. Ọ̀daràn lè lò ó bí olóòótọ́ ṣe lè lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Clodius kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti inú òfo. Ó bá ebi, àìníṣẹ́ àti ìbínú nílẹ̀, ó sì fi agbádá òṣèlú bò wọ́n.

Ebi ni ó yí ọkàn ìjọba padà. Òpìtàn Suetonius kọ̀wé pé ní ìgbà ọ̀wọ́n oúnjẹ kan, àwọn ará ìlú ká Késárì Claudius mọ́ àárín ọjà, wọ́n bú u, wọ́n sì sọ èérún búrẹ́dì lù ú, díẹ̀ ni ó kù kí ó má rí ọ̀nà sá wọ ààfin. Tacitus fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n náà sí ọdún 51, ó ní oúnjẹ tí ó kù nílùú kò ju ti ọjọ́ 15 lọ. Claudius wá kó oríṣiríṣi ẹ̀bùn kalẹ̀. Ó ṣèlérí fún àwọn oníṣòwò pé bí ìjì bá da ọkọ̀ wọn nù, òun ni yóò ru òfò náà, kí wọ́n ṣáà máa wá, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù. Ẹni tí kò tíì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ní kíkún, tí ó bá kan ọkọ̀ tí ó lè gba òṣùwọ̀n 10,000, tí ó sì fi gbé àlìkámà wá sí Róòmù fún ọdún mẹ́fà, yóò di ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó bá kan ọkọ̀ gba ẹ̀tọ́ tí àwọn ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ń jẹ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú Claudius ni ìrìn àjò náà wáyé. Ní ìlú tí Késárì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò ru òfò ìjì, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ọlọ́kọ̀ kan fẹ́ fi òkun búburú dán orí rẹ̀ wò. Ewu ti di ọjà tí ìjọba ń rà.

Àwọn Késárì tí ó tẹ̀ lé e fi kún un. Wọ́n dá àwọn ọlọ́kọ̀ sí kúrò nínú iṣẹ́ ìlú tí ó jẹ́ dandan fún àwọn olówó ìgbà náà, irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi owó àpò ara rẹ̀ ṣe. Amòfin Callistratus ṣàlàyé ìdí rẹ̀: àwọn tí ń fi ẹ̀mí wewu ní òkèèrè nítorí gbogbo ìlú, kò yẹ kí a tún máa da ìnáwó àti ìyọlẹ́nu ilé bò wọ́n lórí. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí oyin bá wà níbì kan, eṣinṣin yóò dé. Kò pẹ́ tí àwọn olówó tí kò ní ọkọ̀, tí kò sì mọ bí òkun ṣe rí, bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ìlú. Késárì Marcus Aurelius àti Lucius Verus, tí wọ́n jọ jọba láàárín ọdún 161 sí 169, ní láti kọ̀wé pé kí a gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ìjàm̀bá àkọ́kọ́ tí ojúrere ń ṣe fún ẹgbẹ́ nìyẹn: ó ń kó àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ wọlé.

Síbẹ̀, ní àkókò yìí, ẹgbẹ́ ṣì ni ara rẹ̀. Ẹ̀rí èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni pátákó idẹ kan tí wọ́n rí ní Bèírútù, ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì. Lẹ́tà ni ó wà lára rẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 201. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni Claudius Julianus, ọ̀gá àgbà tí ó ń bójú tó oúnjẹ Róòmù. Àwọn tí ó kọ ọ́ sí ni àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ìlú Arles, ní ẹnu odò Rhône, tí wọ́n pín sí ẹgbẹ́ márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Àwọn ọlọ́kọ̀ Arles ní ẹ̀dùn ọkàn kan. Láti inú ojútùú tí Julianus pèsè, a lè mọ̀ pé òṣùwọ̀n ẹrù ni: wọ́n ń gba ẹrù ní iye kan níbì kan, wọ́n ń dé Róòmù, wọ́n ń gbọ́ pé ẹrù kò pé. Wọn kò jó ilé ẹnikẹ́ni, wọn kò dí èbúté. Wọ́n pàdé, wọ́n ṣe ìpinnu ẹgbẹ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà. Julianus kà á. Ó wá kọ̀wé sí aṣojú Késárì tí ó wà ní agbègbè náà pé ẹ̀sùn yìí ti ń tàn kálẹ̀, pé àwọn mìíràn náà ń ké fún ìdájọ́ òdodo, àti pé wọ́n ti ń fi yéni pé bí ìwà ìrẹ́jẹ náà kò bá dópin, àwọn yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró láìpẹ́. Ó pàṣẹ pé kí a lu òǹtẹ̀ sára àwọn ọ̀pá irin, kí a sì yan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò bá ẹrù lọ, tí yóò fi iye tí wọ́n gbà gan-an lélẹ̀ ní Róòmù. Lẹ́yìn náà ni ó fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀, ó sì kí wọn dáadáa.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìkéde ìdaṣẹ́sílẹ̀ nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo sì ti ka ọ̀pọ̀ èsì tí ìjọba fọ̀ sí i. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ní làákàyè tó èyí. Ẹgbẹ́ kò bú ẹnikẹ́ni, ìjọba kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà èdè fọ́ wa lójú. Ohun tí ó mú kí Julianus fọhùn pẹ̀lẹ́ ni pé àwọn ọlọ́kọ̀ Arles lè lọ. Ọkọ̀ wọn ni, owó wọn ni, wọ́n sì lè lọ gbé ẹrù ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ "a kò ṣe mọ́" wúwo lẹ́nu wọn nítorí pé òótọ́ ni.

Kí n tún sọ òótọ́ kejì: ọlọ́rọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ òkun kì í ṣe ẹgbẹ́ alábàárù tí ó ń fi èjìká gbé àpò. A kò rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá àgbà kankan kọ sí àwọn saccarii. Ẹni tí ó bá ń pe gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń fi aṣọ òde òní wọ òkú àtijọ́.

Ọ̀rúndún kẹta mú ìpọ́njú dé. Ogun pọ̀ ní ẹnubodè, ọmọ ogun ń pa Késárì bí ẹni pa adìyẹ, fàdákà inú owó sì ń dínkù títí owó fi di bàbà. Nígbà tí ara ìjọba fi máa balẹ̀, ìwà rẹ̀ ti yàtọ̀. Ní ọdún 314, ní ayé Késárì Constantine, òfin kan jáde pé ẹni tí a bí sínú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ òkun, bí ó tilẹ̀ lọ di ọlọ́kọ̀ kékeré, inú ẹgbẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ wà ni yóò wà títí. Òfin mìíràn so ẹrù iṣẹ́ náà mọ́ ilẹ̀: bí ọlọ́kọ̀ bá ta ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó rà á yóò ra iṣẹ́ ọkọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ tí ènìyàn fi ìkòkò wáìnì wọ̀ di ohun tí ènìyàn fi ẹ̀jẹ̀ jogún.

Ẹ kíyè sí i pé ojúrere kò dínkù o. Ó ń pọ̀ sí i ni. Ní ọdún 334, lẹ́yìn tí Constantine ti dá olú ìlú tuntun sílẹ̀ ní Constantinople, ó fún àwọn ọlọ́kọ̀ tí ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àlìkámà tí wọ́n bá gbé, pẹ̀lú owó wúrà kan lórí òṣùwọ̀n 1,000. Ó dá wọn sí kúrò nínú iṣẹ́ ìlú, ó sì bu ọlá fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ni kò fún wọn, ìyẹn ni ilẹ̀kùn àbájáde.

Ní ọdún 364, ó kan àwọn alábàárù Portus. Òfin sọ pé àwọn nìkan ni ó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù ní èbúté náà. Ẹni tí ó bá fi ẹlòmíràn gbé e yóò pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún ẹrù rẹ̀ sápò ìjọba. Ẹni tí ó bá wò ó lójú fẹ́ẹ́rẹ́ yóò ní ẹgbẹ́ ti borí. Èbúté ti di tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ni ìtanràn náà ń lọ bá? Ta ni ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà, ta ni ó sì lè gbà á? Ẹgbẹ́ tí ó bá ń jẹun láti ọwọ́ ìjọba nìkan kò ní lè gé ọwọ́ náà jẹ, bí ó tilẹ̀ ń lu ú.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé: kí ni kí ìjọba ṣe? Ìlú gbọ́dọ̀ jẹun. Ebi kì í gbọ́ ìwàásù. Òótọ́ ni, n kò sì fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ìlú jẹun ní ayé Claudius, ó jẹun ní ayé Marcus Aurelius, láìsí pé a so ọmọ mọ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà náà, ìjọba ń fi èrè fa ènìyàn. Bí iṣẹ́ bá wá di ohun tí a ní láti fi òfin dá ènìyàn dúró nínú rẹ̀, àmì ni pé èrè náà kò tó ìnira rẹ̀ mọ́. Nínú ìwé òfin Késárì Theodosius Kejì, tí ó jáde ní ọdún 438, apá kan wà tí ó dá lórí àwọn ọlọ́kọ̀ òkun nìkan. Òfin tí ó wà níbẹ̀ lé ní 30. Òmíràn ń bu ọlá fún wọn, òmíràn ń fòfin dè wọ́n, òmíràn ń pe àwọn tí ó ti bọ́ lọ padà. Ẹni tí a bá ń fi òfin pè padà léraléra, ó dájú pé ó ń sá.

Gbogbo agídí náà kò sì gba Róòmù là. Ní ọdún 439, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìwé òfin náà jáde, ọba àwọn Vandal, Gaiseric, gba Carthage. Àlìkámà Áfíríkà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Òfin lè di ọlọ́kọ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi àlìkámà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Kí ni kí a rí kọ́? Èmi kò sọ pé kí ẹgbẹ́ kankan kọ ojúrere. Àwọn ọlọ́kọ̀ Arles gbà á, wọ́n sì jẹ ẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ níbikíbi, ì báà jẹ́ ti ọkọ̀ òkun tàbí ti ọkọ̀ ilẹ̀, yẹ kí ó bi àwọn olórí rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Èkíní: àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni ó wà nínú ẹgbẹ́, tàbí àwọn tí ó sá wá jẹ oyin? Èkejì: bí ìrẹ́jẹ bá dé, ta ni yóò kọ ìpinnu wa sílẹ̀, ta ni yóò sì kà á? Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù: bí mo bá fẹ́ lọ lọ́la, ṣé mo lè lọ? Bí èsì ìkẹta bá jẹ́ "rárá", kí wọ́n má ṣe yọ̀ lórí ohunkóhun mìíràn tí ó wà nínú ìwé náà.

Ohun kan kù tí ó máa ń mú mi ronú. Òfin ọdún 314 dé ọ̀dọ̀ wa nítorí pé ìjọba fi í pamọ́ sínú ìwé òfin tirẹ̀. Lẹ́tà Arles kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Arles ni ó ni ín, etíkun Lẹ́bánónì ni a sì ti rí i, ní òdìkejì òkun, níbi tí ó jìnnà sí ilé wọn púpọ̀. Ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀. Ẹnìkan sì ná owó idẹ àti owó agbẹ́kọ̀wé, kí ẹni tí ó bá ń kọjá lè kà á pé ní ọjọ́ kan, àwọn tí ń gbé ẹrù sọ̀rọ̀, ọ̀gá àgbà sì fèsì.